Bí mo ṣe ń há ọ̀rọ̀ eré sórí láì wo ìwé

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Eré Àjíǹde ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Kàbà sì tún ti ń bi mí bí mo ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ eré nígbà tí n kò lè kàwé mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Tí mo bá wo ọ̀rọ̀ kan, àárín rẹ̀ ni kì í hàn, etí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà! Mo sunkún, n kò ní purọ́. Ẹni tó wá là mí lójú (ẹ má rẹ́rìn-ín) ni màmá òyìnbó kan, Judi Dench.

Ẹ ti rí i rí nínú fíìmù James Bond. Òun ni ọ̀gá obìnrin onírun kúkúrú tí wọ́n ń pè ní M, láti 1995 títí di 2012. Ní 2012 yẹn náà ló sọ fáyé pé àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní macular degeneration ti mú ojú òun, irú èyí tó mú ìyá òun. Kò fi eré sílẹ̀. Ṣe ló ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun máa ka ọ̀rọ̀ náà sí òun létí, léraléra, títí yóò fi wọlé. Ó ti pé ẹni ọdún 87 nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar nítorí ipa ìyá àgbà tó kó nínú fíìmù Belfast. Mo wá rò ó pé bí òun bá lè ṣe é, Shakespeare kọ́ lèmi ń há, ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́bìnrin tó tú Pétérù fó ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni ẹni tí yóò máa kà á. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ọmọ àbúrò mi ló ń kà á fún mi, ọmọ náà gbọ́n, àmọ́ òun náà fẹ́ràn eré. Nígbà tó kọ́kọ́ kà á, ó gbóhùn sókè, ó fà á, ó sunkún díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo dé ibi ìdánrawò, ohùn rẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu mi, àní ibi tó ti gbé itọ́ mì, èmi náà gbé e mì. Ẹ sọ fún ẹni tí ń kà á pé kó kà á gbẹrẹfu, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn tó jẹ owó orí. Ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀mí sí i tó bá yá.

Ẹ má jẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ tiyín nìkan. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú tiyín ni yóò pè yín jáde, ẹ há ìyẹn ná. Ó kà gbólóhùn Pétérù, ó dákẹ́, èmi fèsì. Tí mo bá ṣì í, kò gbọdọ̀ sọ pé “ó kù díẹ̀”. Kó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìwọ̀n èémí kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọwọ́ yín sì máa ṣe nǹkan. Èmi, egúsí ni mò ń bó. Abọ́ èpo lápá òsì, abọ́ èso lápá ọ̀tún, ọmọ náà lórí àpótí níwájú mi. Mo fi àtàǹpàkò tẹ etí èso náà, ó dún “pá”, mo fi gbólóhùn kan tẹ̀ lé e. N kò mọ ohun tó wà nínú ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo bá há nídìí egúsí kì í sá. Èyí tí mo há níbi tí mo jókòó káwọ́ gbera, kò rí oúnjẹ alẹ́ tó fi lọ.

Fóònù ńkọ́? Ó wúlò ní òru tí ọmọ ti sùn. Àmọ́ fóònù kì í sọ fún èèyàn pé ó ṣì í. Ọdún tó kọjá, mo gba ohùn sílẹ̀ lálẹ́ tí iná lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń bú ramúramù nínú rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá dé “ìwọ náà wà pẹ̀lú Jésù”, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń gbọ́.

Ẹ má sì kóríra ipa kékeré. Nínú fíìmù Shakespeare in Love, bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni Dench fi hàn gẹ́gẹ́ bí Ọbabìnrin Elizabeth, ó sì gba Oscar lé e lórí ní 1999. Gbólóhùn mẹ́ta ni tèmi. Ọlọ́gbọ́n kan nínú ìjọ ló ní kí Pétérù máa sọ ẹ̀ka èdè Yàgbà, kí èmi máa sọ Owé, ẹ̀ka èdè ti Kàbà níhìn-ín. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ohùn rẹ̀ ń tú u fó, ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Ẹ má rò pé eré ṣọ́ọ̀ṣì kò já mọ́ nǹkan o. Ní York, ìlú tí wọ́n bí Dench sí, eré Bíbélì wà níbi àwókù ilé ìsìn àtijọ́. Ó ṣe áńgẹ́lì níbẹ̀ ní 1951, ó sì ṣe Màríà ní 1957. Ọdún 1957 yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Old Vic, ẹgbẹ́ òṣèré Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ipa Ophelia nínú Hamlet, eré Shakespeare. Nígbà tó fi máa di 1963, ó ti bá ẹgbẹ́ òṣèré Nottingham wá sí Nàìjíríà níhìn-ín, ó ń ṣe Lady Macbeth nínú eré Macbeth. Ó dùn mí pé mo ṣì kéré nígbà náà.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti wọlé, ó ku ẹsẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni láti ẹnu ọ̀nà sí ìdí iná tí Pétérù ń yá, mo ti kà á títí mo fi lè rìn ín lójú oorun. Níbi tí mo ti gbọ́dọ̀ dúró, a ti ká aṣọ kékeré sábẹ́ ẹní, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á gbà á mọ̀. Ẹ má sáré, ẹ má sì fò sílẹ̀ láti orí pèpéle. Níbi ìdánrawò eré olórin Cats ní 1981 ni iṣan gìgísẹ̀ Dench ti já, bí ipa náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Tó bá wá sá lórí ìtàgé ńkọ́? Ó sá mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo ṣí ẹnu, òfìfo. Mo kàn yí sí iná, mo na ọwọ́ bí ẹni ń yáná, mo wá fi àtàǹpàkò mi tẹ ìka bí ẹni ń bó egúsí. Ọ̀rọ̀ náà dé. Àwọn èèyàn ní àwọn rò pé mò ń dójú ti Pétérù ni.

Sátidé ni ìdánrawò, aago mẹ́rin, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti oko dé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ àbúrò mi bá òun kà, kó gbé egúsí tirẹ̀ dání.