Bí A Ṣe Ń Ka Ìròyìn Ìmọ́tótó Ọdọọdún Àwọn Ìlú Etí Lọ́ńdọ̀nù, 1945 sí 1965

Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tó sì fẹ́ mọ irú àdúgbò tí wọ́n gbé, lè wá ìdáhùn lọ sínú ìwé kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí, èyí ni ìròyìn ọdọọdún tí dókítà ìlú ń kọ sí ìgbìmọ̀ ìlú rẹ̀. Medical Officer of Health ni òfin ń pe dókítà náà. Dókítà ìlú ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ó ń kọ iye ọmọ tí wọ́n bí, iye ẹni tó kú, iye ilé tí páìpù omi ìdọ̀tí rẹ̀ dí, àti iye ẹran tí wọ́n dà nù. Ilé ìkàwé Wellcome ní Lọ́ńdọ̀nù ti ya àwòrán èyí tó lé ní 5,500 nínú àwọn ìròyìn wọ̀nyí, láti 1848 títí dé 1972, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní yóò kọ́kọ́ pàdé àwọn nọ́ńbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìlú náà, yóò sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ibi tí iṣẹ́ wà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Kí a tó ṣí ìwé, a ní láti mọ orúkọ tí ìlú náà ń jẹ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Igbe 1965 ni wọ́n tún gbogbo ààlà Lọ́ńdọ̀nù pa, tí wọ́n sì sọ ọ́ di bọ̀rọ̀ 32, ìyẹn àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìròyìn Brent fún ọdún 1958 kò lè rí nǹkan kan, nítorí Wembley dá wà nígbà náà, Willesden náà dá wà. Romford àti Hornchurch ló di Havering, nígbà tí Acton, Southall àti Ealing àtijọ́ di Ealing tòní. Ẹ tọ́jú orúkọ àgbáríjọ ìlú ("county") tó wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú, irú bíi Middlesex, nítorí àwọn náà ń kọ ìròyìn tiwọn lọ́tọ̀.

Ọjọ́ kejì tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni 5 oṣù Agẹmọ 1948, ọjọ́ tí ètò ìlera ọ̀fẹ́ ti ìjọba Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìtọ́jú aboyún, àbẹ̀wò nọ́ọ̀sì sí ilé ìkókó, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, gbogbo wọn kúrò lọ́wọ́ ìlú kékeré, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ àgbáríjọ ìlú. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ìlú ni ilé, omi ìdọ̀tí, oúnjẹ, eku àti èéfín. Bí ojú ewé tó sọ nípa ìkókó bá ṣàdédé fúyẹ́ nínú ìròyìn 1949, kì í ṣe pé ìlú náà kọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ojú ewé àwọn wolé-wolé, èyí tó sábà máa ń wà ní ìdajì ìkẹyìn ìwé, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Èkó náà ní dókítà ìlú, Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ipò náà mú níbẹ̀, àwọn wolé-wolé sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "sanitary inspector" ni wọ́n ń pe wolé-wolé títí di 1956, kí òfin tó yí i padà sí "public health inspector". Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé gbọ́dọ̀ wá méjèèjì.

Páìpù omi ìdọ̀tí ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Àwọn ilé etí Lọ́ńdọ̀nù, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ilé méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, ni àwọn kọ́lékọ́lé kọ́ wìtìwìtì láàárín ogun méjèèjì, tí ilé mẹ́rin tàbí mẹ́fà sì ń da omi sínú páìpù kan ṣoṣo tó gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá. Bí ó bá dí, ta ni yóò sanwó? Òfin Ìlera Ìlú ti 1936, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà 1937, sọ irú páìpù àjùmọ̀lò tó ti wà ṣáájú ọjọ́ náà di ti ìlú, ìlú á tún un ṣe, á sì lè gba owó náà padà lọ́wọ́ àwọn onílé. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rì lẹ́yìn ọjọ́ náà di ọ̀rọ̀ àárín àwọn aládùúgbò. Ilé tó jọra bí ìbejì, tó kọjú síra wọn lójú títì kan, lè wà lábẹ́ òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí oṣù tí wọ́n kọ́ wọn. Bí àtẹ bá wá sọ pé páìpù báyìí ni ìlú là, ẹ wò ó bóyá ti ìlú nìkan ni wọ́n kà tàbí wọ́n ka ti onílé mọ́ ọn. Ọdún 2011 ni wọ́n tó kó àwọn páìpù àjùmọ̀lò wọ̀nyí fún àwọn ilé-iṣẹ́ omi.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé wọ́n fi èéfín tàbí àwọ̀ dán páìpù wò, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Wolé-wolé á da àwọ̀ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á fa omi, á sì lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí ihò tó wà níwájú láti wo omi tó ń kọjá. Bí àwọ̀ kò bá dé, tó sì hàn lára ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ilé kejì, a ti mọ ibi tí páìpù ti fọ́. Ti èéfín yá ju ìyẹn lọ: wọ́n á dí ẹnu kan, wọ́n á fín èéfín sí ẹnu kejì, ibi tí èéfín bá ti rú jáde láàárín òdòdó ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n á gbẹ́. Ibẹ̀ náà ni eku ń gbà jáde, èyí ló fà á tí àtẹ eku fi máa ń tẹ̀ lé àtẹ páìpù. Òfin 1949 ló pàṣẹ fún ìlú pé kí wọ́n máa pa eku àti èkúté, kí wọ́n sì fipá mú onílé tó bá kọ̀.

Àtẹ ìwé ìkìlọ̀ ti tàn mí jẹ rí. Mo rí i pé ìkìlọ̀ tí àwọn onílé ṣègbọràn sí lọ́dún kan ju èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé akọ̀wé ṣìṣe. Kò sí àṣìṣe kankan. Ìkìlọ̀ ọdún tó kọjá ni wọ́n kà mọ́ ọn. Ẹ tún ya ìkìlọ̀ lásán sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí òfin gbé lẹ́sẹ̀. Èkejì ló lè gbé onílé dé kóòtù.

Lórí oúnjẹ tí wọ́n dà nù, ìwọ̀n àtijọ́ ni ẹ óò pàdé. Pọ́n-ùn 112 ló wà nínú "cwt" kan, "cwt" 20 ló sì wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí ìwé bá sọ pé tọ́ọ̀nù 3, cwt 4 àti pọ́n-ùn 17, pọ́n-ùn 7,185 nìyẹn, tó tó nǹkan bíi kílò 3,260. Ẹ má ṣe tètè rò pé ìlú tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ń jẹ oúnjẹ bíbàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé ilé ìtọ́jú ẹran tútù tàbí ilé-iṣẹ́ oníjẹ inú agolo kan ló wà níbẹ̀, tí wolé-wolé rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́.

Èéfín ní ìtàn tirẹ̀. Láti ọjọ́ 5 sí 9 oṣù Ọ̀pẹ 1952, kùrukùru tó dà pọ̀ mọ́ èéfín èédú bo Lọ́ńdọ̀nù, iye tí wọ́n sì kọ́kọ́ fojú dá fún àwọn tó kú tó 4,000. Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ jáde ní 1956, ó sì fún ìlú lágbára láti yan àdúgbò tí èéfín kò ti gbọ́dọ̀ jáde. Onílé tó pààrọ̀ ibi ìdáná rẹ̀ níbẹ̀ ń gba ìdá méje nínú mẹ́wàá owó tó bójú mu padà. Ẹ wá nọ́ńbà àṣẹ àdúgbò kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà náà ni ẹ lè padà sí ojú ewé iwájú, níbi tí nọ́ńbà ìbí àti ikú wà. Ìwọ̀n ikú ìkókó jẹ́ nǹkan bíi 30 nínú ìkókó 1,000 ní England àti Wales ní 1950, ó sì ti sún mọ́ 22 ní 1960. Ẹ fi ti ìlú wé èyí, ṣùgbọ́n ẹ rọra. Ká ní ọmọ 1,500 ni wọ́n bí, tí 30 kú, 20 ni ìwọ̀n náà. Bí mẹ́sàn-án péré bá kún un, ó di 26. Ọdún kan kò tó láti dá ẹjọ́. Ẹ to ọdún márùn-ún jọ.

Ilé tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé pọ̀ ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa wà, pẹ̀lú sítóòfù oníkẹrosíìnì nínú yàrá àti ibi ìdáná kan lórí àtẹ̀gùn. Òfin Ilé ti 1961 fún ìlú lágbára láti pàṣẹ pé kí onílé fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi àti ibi ìdáná tó pọ̀ tó síbẹ̀. Ohùn dókítà ni ẹ óò gbọ́ nínú ìròyìn náà. Ohùn ayálégbé kò sí níbẹ̀, ìròyìn náà kì í sì í sábà dárúkọ nọ́ńbà ilé. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ òpópónà tí ẹ bá rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún rẹ̀, kí ẹ mú un lọ sí ibi tí bọ̀rọ̀ tòní ń kó àwọn ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí, kí ẹ sì béèrè ìwé àbẹ̀wò àwọn wolé-wolé. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi ìyá yín léèrè èwo nínú àwọn yàrá náà ni tiwọn.