Bí mo ṣe to ojú ilé Ògògà padà sórí páálí

Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Òpó kan láti ààfin yẹn kan náà wà ní Art Institute ní Chicago. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó jẹ́ ẹmẹ̀sẹ̀ (ìránṣẹ́) Arinjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló gbẹ́ méjèèjì láàárín 1910 sí 1914. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ara ilé ni wọ́n, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ni mo bá wá páálí ńlá.

Ilé ni mo kọ́kọ́ ya. Ààfin Èkìtì kì í ṣe ilé kan gogoro. Àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá ni, yàrá alámọ̀ yí i ká, òrùlé dà sínú kí òjò lè rọ̀ sí àárín. Ògiri gbé ẹ̀yìn òrùlé, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbé iwájú.

Lẹ́yìn náà mo mú pẹ́ńsùlù lọ síwájú ilẹ̀kùn. Ẹ má wò ó láti ọ̀ọ́kán nìkan. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ère náà yọ kúrò lára pákó débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró. Lápá kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé rẹ̀. Lápá kejì, wọ́n gbé àjẹ́lẹ̀ òyìnbó, Captain Ambrose, bọ̀ wá kí i. Ọba kò dìde fún un! Ó dùn mí pé nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, kò padà sílé mọ́: ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà.

Fọ́tò ni mo fi ya òpó, ibẹ̀ ló sì gba àkókò jù. Ọba jókòó, ẹyẹ bà sórí adé rẹ̀, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ dáadáa. Ìgbà tí mo fa ìlà òrùlé ló tó yé mi: orí olorì ni ẹrù ilé bọ́ sí, kì í ṣe orí ọba. Ọlọ́wẹ̀ mọ ilé kíkọ́ bó ṣe mọ igi gbígbẹ́.

Páálí náà ti wà lára ògiri kíláàsì. Ààfin Arinjalẹ̀ ló kàn, torí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn síbẹ̀ náà.