Kíkọ ìtàn ilé-ìwé orí òkè: ìwé ìnáwó ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí

Téèyàn bá fẹ́ kọ ìtàn ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ lórí òkè fún ọmọ aláìní, lẹ́tà tí àwọn olùdásílẹ̀ kọ sí àwọn aláàánú ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ bà. Ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọrọ owó kì í sọ pé òun yó. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí ẹ wá ìwé ìnáwó.

Ẹ wo Crossnore, tí Dókítà Eustace Sloop àti ìyàwó rẹ̀, Dókítà Mary Martin Sloop, dá sílẹ̀ ní 1913 ní Avery County, láàárín àwọn òkè North Carolina ní Amẹ́ríkà. Ọmọ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè kò lè máa rìn lọ rìn bọ̀ lójoojúmọ́ nínú ẹrẹ̀ àti yìnyín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ibùsùn fún wọn. Kí ló ń gbọ́ bùkátà? Òkìríkà wà lára rẹ̀! Àwọn ará ìlú ńlá ń fi aṣọ àlòkù ránṣẹ́, ilé-ìwé ń tà á fún àwọn ará òkè. Ìwé ọjà ló máa ń fi irú èyí hàn: aláìní inú lẹ́tà náà ń fi owó ara rẹ̀ gbé ilé-ìwé ró.

Ẹ mú ọdún kan péré, kí ẹ ṣírò oúnjẹ. Ká ní wọ́n ra àpò ìyẹ̀fun 20 lóṣù kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 25: kílò 500 nìyẹn. Ẹ pín in fún ọmọ 80 àti ọjọ́ 30, ó kù díẹ̀ kó tó gíráàmù 210 fún ọmọ kan lójúmọ́. Ibi tí ìṣirò yìí ti máa ń bàjẹ́ nìyí: àwọn olùkọ́ ń jẹ nínú rẹ̀, ẹ kà wọ́n mọ́ ọn. Ọ̀dùnkún tí àwọn ọmọ fúnra wọn gbìn kò sì ní sí nínú ìwé, torí kò sẹ́ni tó rà á.

Ọjọ́ ìdásílẹ̀ a máa fa àríyànjiyàn. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ọjọ́ tí ọmọ àkọ́kọ́ sùn níbẹ̀, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀: ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Orúkọ náà a máa yí padà. Tibetan Children's Village ní Dharamsala, Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ ní May 17, 1960 pẹ̀lú ọmọ 51 láti inú àwọn tó sá kúrò ní Tibet. Tsering Dolma, ẹ̀gbọ́n obìnrin Dalai Lama tó jẹ́ olórí ẹ̀sìn àwọn ará Tibet, ló kọ́kọ́ bójú tó o, orúkọ míì ló sì ń jẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá fi orúkọ òní nìkan wá ìwé rẹ̀ á pàdánù àwọn ọdún àkọ́kọ́.

Ìkùukùu orí òkè a máa mú kí ìwé lẹ̀ mọ́ra. Ẹ má fà á ya, ẹ má sì sá a sóòrùn. Yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ ti tó. Pẹ́ńsù nìkan ni kí ẹ fi kọ nǹkan sí i, ẹ má lo sẹ́lótéèpù. Ẹ ṣe sikáànì lẹ́tà ní 300 dpi (iye àmì tó wà nínú íǹṣì kan), fọ́tò ní 600. Kí ọdún ṣíwájú nínú orúkọ fáìlì, bíi 1928-03-14_leta_001, wọ́n á tò fúnra wọn.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti jáde, ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n gbádùn ilé-ìwé. Ọpẹ́ nìkan lẹ máa gbọ́. Ọmọ mélòó ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan? Ta ló ń la igi? Aago mélòó ni wọ́n ń jí? Orúkọ ọmọ àti ìdí tí wọ́n fi gbé e wá, tó wà nínú rẹ́jísítà, kò gbọ́dọ̀ jáde. Ní abúlé kékeré, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ gan-an á tú àṣírí. Nọ́ńbà ni kí ẹ lò.