Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ẹ yà á bẹ́ẹ̀

Odindi ọdún 2 ni ìwé tí mo rà láti máa ya àwòrán fi wà lábẹ́ tábìlì láìsí ìlà kan nínú rẹ̀. Bí mo bá ti ṣí i, àyà mi á já, ọ̀fun mi á gbẹ, màá tún pa á dé. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé kì í ṣe pẹ́ńsù ni mo ń bẹ̀rù. Ojú àwọn èèyàn ni, àwọn tí kò tilẹ̀ sí nínú yàrá.

Bí irú ẹ̀rù yìí bá ń ba ẹ̀yin náà, ẹ wá ohun kékeré kan tó wà nítòsí, kí ẹ máa yà á. Ọwọ́ òsì mi ni mo yàn. Ẹ gbé aago síwájú, ìṣẹ́jú 10 péré. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Èyí ló ṣòro jù fún mi, òun náà ló ràn mí lọ́wọ́ jù, torí ẹni tó ń pa iṣẹ́ rẹ́ bó ṣe ń ṣe é, adájọ́ ló ń ṣe. Bí ìlà bá wọ́, ẹ fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí aago bá dún, ẹ fa ewé àwòrán náà yọ, ẹ kọ déètì sẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ ọ́ sínú páálí, ẹ má wò ó mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ kan náà. (Tó bá jẹ́ ìtàn lẹ ń kọ, ìlà mẹ́rin lójoojúmọ́ nípa fèrèsé kan náà.)

Nígbà tó pé ọjọ́ 30, mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àtàǹpàkò ọjọ́ kìíní dà bí igi lásán. Ní ti ọjọ́ 19, awọ oríkèé rẹ̀ tó hunjọ hàn kedere, èékánná rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi tèmi gẹ́lẹ́. Omi bọ́ lójú mi.

Ẹni ọdún 27 ni Vincent van Gogh, gbajúmọ̀ ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Netherlands, nígbà tó pinnu ní 1880 pé àwòrán lòun máa fi ṣe iṣẹ́. Kó tó kú ní 1890, àwòrán ọlọ́dà tó yà ti lé ní 800. Ẹ wo àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn èèyàn inú wọn le gbagidi. Ọwọ́ kan náà ló ya àwọn tó kù.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó fi han ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí kì í yára bú, tí kì í sì í yára yìn. Ẹ má bi í pé, “Ṣé ó dáa?” Ẹ bi í pé, “Ibo lojú yín kọ́kọ́ lọ?” Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fi tèmi hàn. Wọ́n fi ìka kan èékánná yẹn, wọ́n ní, “Ọwọ́ ẹ nìyí.”

Títí dòní, àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá ṣí ojú ewé tuntun. Màá kàn tẹ aago, màá bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò.