Bí A Ṣe Ń Yan Fóònù Pàjáwìrì fún Ìrìn-àjò Òkè Òkun

Bí ọmọ bá bímọ sí Amẹ́ríkà tàbí sí Ìlú Ọba, tí ìyá àgbà sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ bá wọn wẹ ọmọ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni gbogbo ilé máa ń kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò: èlùbọ́, ẹ̀gúsí lílọ̀, irú tí a fi ọ̀rá wé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ fóònù ló máa ń gbẹ̀yìn, ẹnìkan á sì sọ pé kí màmá ṣáà mú fóònù alátọ́ọ̀ṣì wọn lọ, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èmi gan-an ni mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ lọ sí Houston. Wọ́n balẹ̀, wọ́n tan fóònù náà, àmì nẹ́tíwọọ̀kì kò yọ rárá. Ẹnu ọ̀nà kan ni àbúrò mi ti ń retí wọn, ẹnu ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà jáde, wọ́n sì jókòó sórí àpótí wọn fún wákàtí méjì kí ó tó rí wọn. Kò sí ohun tó ṣe fóònù náà. Irú nẹ́tíwọọ̀kì tí ó ń lò ni kò sí níbẹ̀ mọ́, èmi tí mo rà á kò sì béèrè.

Ìbéèrè tí ó yẹ kó ṣáájú iye owó nìyí: nẹ́tíwọọ̀kì wo ni fóònù yìí lè gbà ní ilẹ̀ tí a ń lọ? Púpọ̀ nínú àwọn fóònù kékeré tí owó wọn kéré jù lọ lọ́jà wa jẹ́ ti 2G (ìran nẹ́tíwọọ̀kì kejì; 3G àti 4G ló tẹ̀ lé e) nìkan, lórí ìgbì 900 àti 1800 MHz. Ẹni tí kò kọjá Kútọnu tàbí Lomé kò ní ìṣòro pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ìgbì 850 àti 1900 ni wọ́n ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, AT&T, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì kan níbẹ̀, sì ti pa 2G rẹ̀ ní ọdún 2017, ó pa 3G ní 2022, Verizon náà sì pa 3G tirẹ̀ kí ọdún 2022 tó parí. Ní Ìlú Ọba, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì Vodafone àti EE ti pa 3G ní 2024. 2G ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ ti fẹnu kò pé kò ní kọjá ọdún 2033. Ọsirélíà ti pa méjèèjì, Jàpáàn kò sì fìgbà kan lo irú 2G tí àwa ń lò.

Nítorí náà, 4G ni kí ẹ wá, ṣùgbọ́n 4G nìkan kò tó, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe 4G fún. Kí ohùn ènìyàn tó lè gba orí rẹ̀ kọjá, fóònù gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní VoLTE. Èyí tí kò bá ní in máa ń já padà sórí 3G tàbí 2G nígbàkígbà tí a bá fẹ́ pe ènìyàn. Níbi tí wọ́n bá ti pa méjèèjì, àmì nẹ́tíwọọ̀kì á kún fọ́fọ́ lójú fóònù, ìpè kò sì ní lọ. Ẹ yẹ ara páálí fóònù wò bóyá wọ́n kọ VoLTE sí i, kí ẹ sì wo nọ́ńbà àwọn band (ìgbì) 4G rẹ̀. Band 3 àti 20 ṣe pàtàkì ní Ìlú Ọba, band 2, 4 àti 12 sì ṣe pàtàkì ní Amẹ́ríkà. Nokia 110 4G, Nokia 225 4G àti Nokia 3210 tí ó jáde ní 2024 wà lára àwọn fóònù kékeré tí ó ń lo 4G, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà lè ní oríṣiríṣi ẹ̀dà fún oríṣiríṣi ilẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi orúkọ nìkan ra fóònù.

Lójú tèmi, ẹni tí ń lọ sí Ìlú Ọba lè ra fóònù rẹ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn láìsí ìbẹ̀rù bí ó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe sọ yìí. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. AT&T ní àkọsílẹ̀ àwọn fóònù tí ó ń gbà láyè, èyí tí kò bá sì sí nínú rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ bí ó tilẹ̀ ní VoLTE. Ó sàn kí ọmọ tí ó wà níbẹ̀ ra fóònù àti síìmù, kí ó sì fi rán ẹni tí ń bọ̀ wálé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti ra tiyín, ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà kan tí ó ní díjíìtì 15 á jáde. Kí ọmọ náà fi nọ́ńbà yẹn wádìí lórí íkànnì iléeṣẹ́ tí ó fẹ́ lò. Kí ó tún rí i pé wọn kò ti fóònù náà mọ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni òfin ti ka irú títì bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n ó ṣì wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Kí fóònù náà jẹ́ oní-síìmù méjì, kí síìmù ilé lè wà níbẹ̀ fún nọ́ńbà ìdánilójú tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ ṣí roaming, ètò tí ń jẹ́ kí síìmù ilé ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ mìíràn, kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ fóònù kékeré kò gba eSIM (síìmù tí a kì í fi sínú ihò), ihò síìmù wọn sì sábà máa ń tóbi ju síìmù kékeré òde òní lọ, nítorí náà ẹ tọ́jú férémù tí a fi ń sọ síìmù kékeré di ńlá.

Ní ti bátìrì, 1,000 mAh sókè tó. Ihò iná Ìlú Ọba kò yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì ni ti Amẹ́ríkà, 120V sì ni iná wọn. Ṣájà tí wọ́n bá kọ 100–240V sí lára lè lo méjèèjì. Ẹ má ṣe fi fóònù náà sínú àpótí ńlá. Kí iná kún inú rẹ̀ kí ẹ tó dé pápákọ̀ òfurufú, torí wọ́n lè ní kí ẹ tàn án níwájú àwọn.

Nọ́ńbà ni ó kù. 999 tàbí 112 ni ti pàjáwìrì ní Ìlú Ọba, 911 ni ti Amẹ́ríkà, 112 sì ni ti gbogbo ilẹ̀ European Union. Ní Amẹ́ríkà, fóònù tí kò ní síìmù lè pe 911. Ní Ìlú Ọba, fóònù tí kò bá ní síìmù kò lè pe 999. Gbogbo nọ́ńbà tí ẹ bá tọ́jú sínú fóònù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì + àti nọ́ńbà orílẹ̀-èdè, kí òdo iwájú sì kúrò: 0803 á di +234803. Bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ilẹ̀ tí ẹ wà tí kò ní lọ.

Nígbà tí ìyá mi tún ń lọ, èmi àti wọn jókòó sórí ẹní ní pálọ̀. Mo fi nọ́ńbà àbúrò mi sí orí 2, ti ọkọ rẹ̀ sí orí 3, mo sì ní kí wọ́n tẹ 2 mọ́lẹ̀ títí ìpè á fi lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n tètè gbé ìka wọn kúrò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ, àbúrò mi gbé e ní Houston, wọ́n sì kí ara wọn. Mo pa fóònù náà, mo gbé e fún wọn pé kí wọ́n fúnra wọn tàn án, kí wọ́n sì tún pè é láìwo ojú mi. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, a kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí ìwé pélébé kan, a sì fi í sínú ìwé ìrìnnà wọn.