Mọ́gáàdì fún táyà iwájú katakata kékeré
Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mọ́gáàdì, ìyẹn ìbòrí tó ń dí ẹrẹ̀ tí táyà ń ta, sí táyà iwájú katakata kékeré, ti tírélà kékeré ṣeé lò. Ẹ jẹ́ kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 6 wà láàárín òun àti táyà, torí ẹrẹ̀ tó bá há síbẹ̀ á fà á ya. Ara ibi tó ń yà sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú táyà tẹ́ ẹ bá yí sìtíárìn ni kẹ́ ẹ dè é mọ́, kì í ṣe férémù. Ihò bóòtì tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó irin mọ́ ọn, iná á ba síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì, jẹ́, ọ́ìlì á máa jò. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 6 ló dáa láti fi gbé mọ́gáàdì dúró. Èyí tó tín-ín-rín á gbọ̀n títí á fi sán. Kẹ́ ẹ tó fún bóòtì le, ẹ fi jáàkì gbé táyà kan sókè, kẹ́ ẹ yí sìtíárìn dé òpin lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá mọ́gáàdì ń kan bọ́nẹ́ẹ̀tì.