Bí Ẹ Ó Ṣe Tọ́jú Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Tí Wọ́n Fi Ta Wá Lọ́rẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìjẹ̀bú, bí ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ bá gbé àjẹsára dé, ẹ má kọ́kọ́ ka iye ìgò. Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ ni kí ẹ wò.

Ìdí rèé. Ní oṣù Kẹta 2021, abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà AstraZeneca bíi mílíọ̀nù 3.9 dé Nàìjíríà láti ọwọ́ COVAX, ètò àgbáyé tó ń pín àjẹsára Kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè nígbà náà. Kò pẹ́ tí Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ṣe é, fi dá títà rẹ̀ sókè òkun dúró, nítorí Kòrónà ti gba ìlú wọn kan. Àwọn ìyá wa ń wá bèèrè abẹ́rẹ́ kejì lọ́wọ́ mi, kò sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ìjọba da abẹ́rẹ́ 1,066,214 nù ní Àbújá, nítorí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó tó fi ránṣẹ́. Ó ń dùn mí di òní.

Bí oṣù àti ọdún nìkan bá wà lára ìgò, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù náà ni. Ti Moderna, àjẹsára Kòrónà mìíràn tó máa ń wà ní dídì, yàtọ̀: tó bá ti yọ́, 30 ọjọ́ péré ló ní nínú fíríìjì, ohun yòówù tí ìgò ìbáà sọ, ẹ kò sì gbọdọ̀ dá a padà sínú yìnyín. Ẹ fi bírò kọ ọjọ́ tuntun yẹn gàdàgbà sára páálí. Èyí tí yóò kọ́kọ́ bàjẹ́ ni kó wà níwájú, kódà bó bá jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn.

Ẹ má jókòó de èrò. Olórí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà ní Ìjẹ̀bú, mọ ilé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ bá a. Àwọn tó ń bá a dáṣọ Ojúde Ọba náà ni yóò kó wá. Ẹ bá ìyálọ́jà Òkè-Ajé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí a ń lo AstraZeneca, ìgò kan tó ènìyàn 10, wákàtí 6 ni a sì ní láti fi lò ó tán lẹ́yìn tí a bá ṣí i, nítorí náà ẹ ní nọ́ńbà fóònù àwọn tó ń gbé nítòsí lọ́wọ́.

Bí ẹ bá rí i pé àwọn ìgò tí ẹ kò tíì ṣí kò ní tán kí ọjọ́ wọn tó pé, ẹ tètè pe ọ̀gá àjẹsára, kí wọ́n gbé wọn lọ sí Ṣàgámù tàbí ibi tí èrò wà, nínú kúlà tí kò kọjá dígírì 2 sí 8.

Ní oṣù Kọkànlá 2021, COVAX àti Africa CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Áfíríkà, sọ fún àwọn olùtọrẹ pé ó kéré tán, kí àjẹsára ṣì ní ọ̀sẹ̀ 10 nígbà tó bá dé. Bí èyí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sínú rẹ́jísítà, kí ìjọba lè fi bá wọn sọ̀rọ̀.